Ta Ni Ó Ni Ohùn Ìyá Àgbà?

Ẹni tí ó bá ń retí ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí gírámà tàbí lórí ewì alohùn, kí ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. N kò rò ó kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Mo ń rò ó nítorí pé mo mọ̀ dájú pé àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń ṣe ohun tí mo ṣe yìí lọ́wọ́lọ́wọ́ nínú yàrá wọn, tí owó rẹ̀ sì ń dùn mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti dùn mọ́ èmi náà.

Ní àkókò ìsinmi ọdún 2024 ni ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan ń wá àwọn tí yóò máa ka gbólóhùn Yorùbá sínú fóònù. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ fi ohùn wa kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè wa, kí ó lè máa gbọ́ Yorùbá, kí ó sì máa fi Yorùbá dáni lóhùn. Gbólóhùn 300 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lè mú àgbàlagbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọdún 60 wá, owó náà di ìlọ́po méjì, nítorí pé ohùn àwa ọ̀dọ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ohùn àgbà ni ó ṣọ̀wọ́n. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí tí kò ní rántí ìyá àgbà rẹ̀? Mo jẹ ìyá olóúnjẹ kan ní gbèsè nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ibi tí n kò lè gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá mọ́. Mo wọ ọkọ̀, ó di Ìsẹ́yìn.

Ìyá àgbà mi, ìyá tí ó bí ìyá mi lọ́mọ, ti lé ní ẹni 80 ọdún. Kò mọ ìwé kà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń hun aṣọ òfì, ariwo iṣẹ́ wọn kò sì jẹ́ kí fóònù gbọ́ ohun tí a ń sọ, ni a bá kó wọ yàrá inú, a ti fèrèsé. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Èmi a ka gbólóhùn kan, ìyá àgbà a tún un sọ lẹ́yìn mi. Àwọn gbólóhùn náà kò jọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ ní àgbàlá wa. Jọ̀wọ́ tan iná yàrá ìgbàlejò. Rán mi létí láti pe dókítà ní aago mẹ́wàá. Jọ̀wọ́ tan iná ilé ìdáná. Nígbà tí ó ti bẹ ẹni tí kò rí yìí títí pé kí ó tan iná, ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Àkànní, ta ni mo ń bẹ̀ láti àárọ̀ yìí? Ṣé àwọn NEPA ni?" Èmi àti òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, fọ́ọ̀mù kan jáde lójú fóònù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi ìka tì í lọ sókè láìkà á. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ẹni tí ó ni ohùn tẹ ibì kan láti fi hàn pé òun gbà. Ìka tèmi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi ni ó yẹ kí n ki ọwọ́ bọ inú kèrègbè Gẹ̀ẹ́sì náà, kí n sì sọ ohun tí mo bá níbẹ̀ fún un. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bi mí pé kí ni a fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe, mo dá a lóhùn pé, "Iṣẹ́ ilé ìwé ni, màámá." Inú rẹ̀ dùn. Ó ní bí ó bá jẹ́ ti ilé ìwé, kí a máa bá a lọ.

Lẹ́yìn gbólóhùn 300 náà, iṣẹ́ ku ẹyọ kan: kí ẹni náà sọ ohun tí ó bá wù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kí ó pa àlọ́ ìjàpá kan. Ó ronú díẹ̀, ó ní àlọ́ kò sí lẹ́nu òun lọ́jọ́ náà. Ṣàdéédéé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sun ẹkún ìyàwó tí òun sun ní ọjọ́ tí wọ́n ń sin ín lọ sí ilé ọkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kọ́ nípa ẹkún ìyàwó nínú kíláàsì, tí a sì ti kọ ìdánwò lé e lórí, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó sun ún ní tòótọ́? Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe ọmọge. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan tí ó ti kú kí a tó bí ìyá mi, lórí ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí ní ilé wa. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi ńkọ́? Ojú aago ni mo ń wò, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé.

Owó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ₦18,000. Mo san gbèsè mi. Nígbà tí mo tún lọ sí Ìsẹ́yìn, mo ra búrẹ́dì kan àti mílíìkì olómi agolo méjì lọ fún ìyá àgbà, ó sì ṣe àdúrà gígùn fún mi lórí wọn. Mo ṣe àmín.

N kò rò ó mọ́ títí di ọjọ́ tí olùkọ́ wa kan ní kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn bi wá pé, kí ni ó yẹ kí ènìyàn sọ fún apohùn kí ó tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ẹnì kan ní kí a fún un ní obì. Ẹlòmíràn ní kí a kọ́kọ́ yin ohùn rẹ̀. Olùkọ́ ní gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí a lọ wá iṣẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Timnit Gebru kà, kí a sì padà wá sọ ìbéèrè tí obìnrin náà yóò bi wá bí ó bá jókòó tì wá níbẹ̀. Àwọn kan rojú pé kí ni ó kan ewì alohùn nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Èmi kò sọ̀rọ̀. Àyà mi ti já.

Addis Ababa ní Ethiopia ni a ti bí Timnit Gebru, Eritrea sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, tí ó fi sá kúrò nílé, tí ó sì bá ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ní Yunifásítì Stanford, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Apple lórí àwọn ẹ̀yà tí ó jẹ mọ́ ohùn nínú ẹ̀rọ, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 2017. Nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rọ ń bà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wá yàn láàyò ni ti àwọn onímọ̀ tí ń yẹ ìwà àti ẹ̀tọ́ wò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá gbé ohun ìyanu jáde, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́, àwọn wọ̀nyí a dìde, wọn a ní: Ta ni ẹ kò rántí? Ta ni yóò fara gbá a bí ó bá bàjẹ́? Ta ni ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbádùn òde àríyá, ẹni tí ó pè é kì í sì í gbádùn òde náà.

Ní ọdún 2018, òun àti Joy Buolamwini, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, dán ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, irú ẹ̀rọ tí ń wo ojú ènìyàn tí ó sì ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ó bá jẹ́ ojú ọkùnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí ó burú jù nínú wọn kò ṣe àṣìṣe tó ẹyọ kan nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ojú obìnrin tí ó dúdú, àṣìṣe èyí tí ó burú jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35 nínú 100. Kí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura ṣáájú? Àwòrán tí àwọn onímọ̀ fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, ojú àwọn tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà gbé jáde ní ọdún kan náà ni ó mú mi. Gebru ti ṣe ẹnjiníà, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀yà ẹ̀rọ kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí kò ní ìwé tí ó bá a rìn, tí ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ àti bí a ṣe gbọ́dọ̀ lò ó. Egbògi tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ nínú páálí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í kà á. Wọ́n wá ní, kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn ènìyàn, tí a ń kó jọ láti fi kọ́ kọ̀ǹpútà, kò fi ní ìwé kankan? Wọ́n to àwọn ìbéèrè tí ẹni tí ó bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, mo fa abala ìwé kan yọ, mo ní kí n dáhùn wọn lórí ohùn ìyá àgbà. Kí ni ìdí tí a fi kó o jọ? N kò mọ̀ ju ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ lọ. Ta ni ó kó o jọ? Èmi. Ta ni ó sanwó? Ilé iṣẹ́ kan tí n kò mọ ojúlé rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ni ín mọ̀ pé a ń kó o? Níbi yìí ni bírò mi ti dúró. Ó mọ̀ pé mo ń gba ohùn òun sílẹ̀, ó rí fóònù. Ṣé ìyẹn ni mímọ̀? Ǹjẹ́ ó gbà? Èmi ni mo bá a gbà á. Bí ó bá yí ọkàn padà ní ọ̀la, ọ̀nà wo ni yóò fi gba nǹkan rẹ̀ padà?

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà lórí ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn lè pa ohùn náà rẹ́ níbi tí àwọn tọ́jú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ ti kọ́ ọ ná. Ó dà bí ẹni tí ó ní kí a bá òun yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi tí ó mú iṣẹ́ náà wá, ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó bínú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ẹ máa ń sunkún pé Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilé mọ́ èdè yín lọ́wọ́. Wọ́n wá fẹ́ fi èdè yín sínú ẹ̀rọ, ẹ tún ní wọn kò tọrọ àyè. Bí gbogbo ìyá àgbà bá fi ohùn wọn pamọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀rọ yóò máa sọ títí ayé." N kò rí ìdáhùn fún un lójú ẹsẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Gebru náà ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2020, nígbà tí ó wà ní ilé iṣẹ́ Google, òun àti Emily Bender, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Washington, pẹ̀lú àwọn mìíràn, kọ ìwé kan lórí ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé bí ènìyàn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ka ohun tí kò sí ẹni tí ó lè kà á tán láyé rẹ̀, ó wá ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Wọ́n fi í wé odídẹrẹ́, ẹyẹ tí ń sọ ohun tí ó gbọ́ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jẹ iná mànàmáná púpọ̀, ọ̀rọ̀ ìpalára rẹ̀ sí ojú ọjọ́ sì wà nínú ìwé náà. Wọ́n bèèrè pé, ṣé ó tọ́ kí àwọn ará Maldives, tí ó ṣeé ṣe kí òkun bo ilẹ̀ wọn kí ọdún 2100 tó dé, àti àwọn ènìyàn 800,000 tí omíyalé ṣe lọ́ṣẹ́ ní Sudan, máa ru ẹrù ẹ̀rọ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí kò sí ẹni tí ń ṣe irú rẹ̀ fún èdè Dhivehi tàbí fún Lárúbáwá ti Sudan? Ẹ rí i pé wọn kò ní kí a yọ èdè kékeré sílẹ̀. Ẹni tí ń sanwó ọjà tí kò jẹ ni wọ́n ń bèèrè.

Àwọn ọ̀gá ní Google ní kí wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n yọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà kúrò lórí rẹ̀. Gebru kò gbà bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó kúrò níbẹ̀. Òun ní wọ́n lé òun ni, ilé iṣẹ́ ní òun ni ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn sì gbà. Ìwé náà jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dá ilé ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi rántí orúkọ kejì tí àwa Yorùbá ń pe odídẹrẹ́: Ayékòótọ́. Mo rò pé àwọn tí wọ́n kọ ìwé náà kò mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín ní ilé ìkàwé nígbà tí ó sọ sí mi lọ́kàn, akówèé-pamọ́ sì ní kí n dákẹ́.

Ohun tí mo padà fi dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn kò ti Amẹ́ríkà wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Māori ní New Zealand ni mo ti rí i. Ilé iṣẹ́ rédíò wọn kan ní Kaitaia, tí ń jẹ́ Te Hiku Media, ní kí àwọn ènìyàn wọn wá ka gbólóhùn sínú ẹ̀rọ ní ọdún 2018. Ní ọjọ́ mẹ́wàá péré, bí ènìyàn 2,500 ti kà á, ohùn tí wọ́n kó jọ sì lé ní wákàtí 300. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ tí ń gbọ́ èdè wọn. Wọn kò kó ohùn náà fún ilé iṣẹ́ ńlá kankan. Wọ́n ṣe ìwé àdéhùn tí ó sọ pé olùtọ́jú ni àwọn jẹ́, ti àwọn ènìyàn tí ó sọ ọ́ ni. Èdè tí wọ́n na àwọn ọmọ nítorí rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́ ni èyí o. Àwa tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa nítorí pé a sọ Yorùbá nínú kíláàsì, a mọ bí ó ti rí. Ọ̀rẹ́ mi ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe é níhìn-ín? Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀.

Mo padà sí Ìsẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, "Èló ni wọ́n fún ọ?" Mo sọ iye rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ wá ra búrẹ́dì fún mi." N kò lè gbé orí sókè.

Ó bi mí pé níbo ni ẹ̀rọ náà wà. Mo ní n kò mọ̀, bóyá ìlú òyìnbó. "Ṣé yóò máa sun ẹkún ìyàwó mi fún wọn níbẹ̀?" Mo ní rárá, màámá, bí ọ̀rọ̀ ti ń dún lẹ́nu yín nìkan ni wọ́n fẹ́ mú níbẹ̀. Ó ronú sí i. Ó ní, "Wọ́n ju ẹkún nù, wọ́n mú ohùn lọ." Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí n kò lè gbàgbé: "N kò sọ pé n bá kọ̀. Bí o bá ti sọ fún mi ni, bóyá n bá gbà. Ṣùgbọ́n n kì bá tí dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí i."

Mo mú abala ìwé mi jáde, mo ka àwọn ìbéèrè náà fún un ní Yorùbá. Ó ní kí n jókòó, kí n kọ ohun tí òun bá wí. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé èmi ni mo gbà, ó ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ ọ́ pé wọn kò bi òun. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí ó ni ín, orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó ní kí n kọ, nítorí pé ẹnu ìyá òun ni òun ti kọ́ ọ. Nígbà tí a dé orí bí a ó ṣe gbà á padà, mo sọ ohun tí ilé iṣẹ́ wí fún un, mo sì fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ọbẹ̀ ṣe àlàyé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí n fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo ń múra àtilọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní bí mo bá tún ń bọ̀, òun kì í mu mílíìkì olómi, èyí tí ó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ni kí n máa rà.